Àṣẹ́kù Oògùn Doña Otilia

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín oṣù mẹ́rin tí ibà máa dá Nereida dùbúlẹ̀, èyí tó sì dé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí kò dé bí àlejò. Bí onílé ló dé. Aago mẹ́fà kò tíì lù tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ láti ilé ìdáná bí ibùsùn rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n lu ògiri. Doña Otilia, ìyá ọkọ rẹ̀, ń yan tọ́tíyà, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ wọn, lọ́wọ́. Ó dá ọwọ́ dúró, ó tẹ́tí sílẹ̀, ó sì mi orí bíi mẹkáníìkì tó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì tó mọ̀ dáadáa.

"Ojú ìtọ̀ náà ni," ó wí fún ọkọ rẹ̀. "Ó tún ti padà."

Don Evaristo ń fi tọ́tíyà wé ẹ̀wà. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti fẹ́ Otilia, ó sì ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé ohun tí obìnrin náà bá sọ nípa àìsàn, a kì í fèsì sí i, gbígbà là ń gbà á.

Nereida ni ìyàwó Ubaldo, ọmọ kan ṣoṣo tó kù nílé nínú ọmọ márùn-ún tí Otilia bí. Àwọn mẹ́rin yòókù ti sọdá ààlà lọ sókè lọ́hùn-ún, owó ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ dípò ara wọn, inú fóònù nìkan ni Otilia sì ti ń rí ọmọ wọn. Oyún oṣù méje ló wà nínú Nereida. Ọmọ yìí ni ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ tí Otilia máa fọwọ́ ara rẹ̀ gbé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àìsàn ojú ìtọ̀ ti mú Nereida pẹ̀lú oyún náà, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ìyá ọkọ rẹ̀ sì wò ó sàn. Bí Otilia ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn: mo wò ó sàn. Pé àìsàn tí a wò sàn lẹ́ẹ̀mejì ló tún ń mi ibùsùn yìí, ìyẹn kò dà á láàmú. Lójú tirẹ̀, Nereida ni kò ṣọ́ra; ó ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ simẹ́ńtì tútù.

Ní àdúgbò yẹn, lẹ́yìn ìlú Tepatitlán ní Mẹ́síkò, níbi tí atẹ́gùn ti ń gbé òórùn adìyẹ àti ti ẹlẹ́dẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, kò sí ẹni tí kò mọ agolo bisikíìtì aláwọ̀ búlúù tó wà lórí fìríìjì Doña Otilia. Àṣẹ́kù oògùn ló kún inú rẹ̀. Àwọn ilé oògùn kò gbọdọ̀ ta kápúsù tó ń pa kòkòrò àìsàn mọ́ láìsí ìwé dókítà. Òfin ti dé. Ṣùgbọ́n òfin kò sọ nǹkan kan nípa agolo bisikíìtì. Ẹni tí wọ́n bá fún ní oògùn ọjọ́ méje, tí ara rẹ̀ bá yá lọ́jọ́ kẹta, á kó ìyókù wá fún Doña Otilia; ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dùn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, á wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í gbowó. Ẹyin mẹ́ta, ìdì kan nópà, ewé ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń sè jẹ, àti ẹ ṣeun, ó ti tó. "Bí ara bá ti yá, kí la tún ń lo oògùn fún?" ló máa ń wí. "Ẹni tó ti yó, ṣé ó tún ń jẹun ni?" Ọ̀rọ̀ náà sì máa ń wọ gbogbo èèyàn létí, torí pé níbi tí a bá ti mọ ebi, a kì í jẹ ohun tó ṣeé tọ́jú tán.

Ubaldo jáde wá láti inú yàrá, bàtà iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ló ń wà fún ilé iṣẹ́ ẹyin kan.

"Màmá, ara ẹ̀ gbóná bí irin tí ẹ fi ń yan tọ́tíyà yẹn. Mo fẹ́ gbé e lọ sọ́sibítù."

"Ọsibítù wo?"

"Tìjọba."

"Kí wọ́n lè fi í jókòó sórí àga onírin títí oòrùn á fi wọ̀, kí ọmọ kékeré kan tó wọ aṣọ funfun wá fún un ní páràsítámọ́ọ̀lù méjì?" Otilia fi ìka lásán yí tọ́tíyà padà. "Máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ. Mo mọ ohun tí mo máa ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí nígbà yẹn."

"Ṣé kò sàn nígbà yẹn ni?"

"Ó sàn. Ó tún padà wá."

"Ebi náà máa ń padà wá. Ṣé o torí ìyẹn sọ pé oúnjẹ kò dáa?"

Ubaldo wo ojú bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń wo ẹ̀wà. Ubaldo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó wọlé lọ fẹnu ko ìyàwó rẹ̀ níwájú orí, ó sì lọ. Ìlẹ̀kùn tó pa dé dún ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn kì í ṣe ẹnu. Ohun tó bá sọ, kò sí ẹni tó máa dá a lóhùn.

Otilia sọ agolo kalẹ̀, ó tú u yẹ̀ wò. Kápúsù aláwọ̀ méjì nìyí. Ó ti fún Nereida ní èyí fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà àkọ́kọ́. Oníhóró funfun gbọọrọ nìyí; ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni. Nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, kò sí èyí tí Nereida kò tíì tọ́ wò. Ohun tó lágbára ju ti agolo lọ ni ọ̀rọ̀ yìí ń fẹ́. Ó fi ṣọ́ọ̀lù bo èjìká, ó sì gba ilé ìtajà Don Eleuterio lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn ẹran ọ̀sìn.

Òfin kò bá ẹlẹ́dẹ̀ wí. Ẹni tó bá ní ẹlẹ́dẹ̀ tó ń ṣàìsàn lè ra abẹ́rẹ́ tó bá wù ú, gbogbo àdúgbò ló sì ní ẹlẹ́dẹ̀.

"Kí ló ń ṣe ẹlẹ́dẹ̀ náà?" Don Eleuterio bi í.

"Ibà ni. Kò lè tọ̀ dáadáa."

"Kílò mélòó ni?"

"Á tó ọgọ́ta. Ó lóyún."

Don Eleuterio wo ojú òpópónà, ó wo Otilia, ó sì fi bébà wé ìgò náà. "Kí ẹlẹ́dẹ̀ náà fara balẹ̀ sinmi," ó wí. "Ẹ jẹ́ kó máa mu omi gan-an. Ẹ bá mi kí Ubaldo."

Nígbà tí Otilia dé, Nereida ti fi aṣọ ìbora mẹ́ta bora, eyín rẹ̀ sì ń lu ara wọn síbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í sì í bá ìyá ọkọ rẹ̀ jiyàn. Ó wo ìgò tó wà lọ́wọ́ Otilia.

"Màmá, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n yà sára ìgò yẹn."

"Méjì ni wọ́n yà síbẹ̀, wò ó dáadáa. Ìyá àti ọmọ. Ìyẹn ni pé aboyún lè lò ó."

Nereida rẹ́rìn-ín díẹ̀ láàárín gbígbọ̀n, bóyá torí pé ọ̀rọ̀ náà pa á lẹ́rìn-ín, bóyá torí pé ẹkún kò jáde. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ná."

"Ká dúró de kí ni?"

Nereida ń wo fóònù rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Níkẹyìn ó yí ìdí padà. Ọwọ́ Otilia fúyẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì gan-an kò lè gún abẹ́rẹ́ bí i tirẹ̀. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, Doña Cuca, aládùúgbò wọn, yọjú wọlé láìkan ilẹ̀kùn, bó ṣe máa ń ṣe. Àwo ata tútù kan ló fi bojú.

"Mo gbọ́ pé ìyàwó tún wà lórí ibùsùn."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Kò sí ẹni tó sọ fún mi. Mo rí yín lọ́dọ̀ Eleuterio ni, mo ní, ẹlẹ́dẹ̀ wọn tí mo rí lánàá yẹn, ara ẹ̀ le." Ó jókòó, ó sì fa àpò ẹ̀wà tí Otilia ń ṣà mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣà á. "Ẹ̀yin ni kí wọ́n máa pè ní dókítà ládùúgbò yìí. Ọmọ ọmọ àbúrò mi tí wọ́n gbé lọ sọ́sibítù, ṣé ó sàn? Oṣù kan gbáko. Wọ́n ní oògùn kò ràn án. Báwo ni oògùn ṣe máa sọ pé òun kò ràn?"

"Èyí tí kò lágbára ni wọ́n fún un."

"Ohun tí mo sọ fún wọn nìyẹn. Ọmọbìnrin tó ń gbé níwájú lọ́hùn-ún náà, ìyàwó Gilberto, tí ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ ẹ̀ kọ̀ tí kò jiná, ìyẹn náà ń kọ́? Ó ní wọ́n ti pààrọ̀ oògùn fún òun lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo ní, má dá wọn lóhùn, lọ bá Doña Oti. Ó ní òun ti lọ."

Otilia ṣa òkúta kan jáde nínú ẹ̀wà, ó sì sọ ọ́ nù. "Ó lò ó tán ni?" ó bèèrè.

"Kí ló lò tán?"

"Ohun tí mo fún un."

"Ẹ̀yin náà, kápúsù márùn-ún lẹ fún un, báwo ni kò ṣe ní í lò ó tán?"

Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ. Àdúgbò kan wà tí ọgbẹ́ kì í jiná níbẹ̀, tí ikọ́ ń lọ tó ń bọ̀, tí àwọn obìnrin sì ń sáré wọ ilé ìyàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá láàárọ̀, gbogbo wọn ló sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Nígbà tí ẹ̀wà tán, Doña Cuca dìde, ó bá ti ẹlòmíràn lọ.

Kò pẹ́ tó jáde tí fóònù Nereida dún. Oorun ibà ti gbé e lọ. Otilia gbé fóònù, ó fi sétí.

"Ṣé Nereida ni mò ń bá sọ̀rọ̀?" Ohùn obìnrin ni.

Ẹnu ló yá ju ọgbọ́n lọ. "Èmi ni."

"Láti ọsibítù ni. Èsì àyẹ̀wò ìtọ̀ tí ẹ gbé wá lọ́jọ́ Ẹtì ti jáde. Dókítà Barrientos ní kí ẹ máa bọ̀ kíá. Kí ẹ má lo oògùn kankan kí ẹ tó dé. Ẹ gbọ́ mi, àbí? Kankan."

"Mo gbọ́."

"Ẹ ó dé báyìí?"

"Báyìí."

Otilia gbé fóònù kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin kalẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, Nereida ní òun ń lọ ra òwú tí òun máa fi hun fìlà ọmọ. Òwú náà wà lórí àga lóòótọ́, aláwọ̀ ewé. Ó lọ ra òwú, ó sì gbé ìtọ̀ rẹ̀ kọjá nínú ìlú lọ fún àjèjì láti yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó dun Otilia kì í ṣe àyẹ̀wò. Ohun tó dùn ún ni pé wọ́n kò sọ fún òun. Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú ọmọ yìí lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ìfẹ́, ọmọ yìí sì ń fi òwú bo ojú òun.

Ó yẹ kó pe Ubaldo. Ó yẹ kó jí Nereida. Ohun tó ṣe ni pé ó wọ ilé ìdáná lọ, ó bó èso ọbẹ̀ kan tó jọ elégédé, tí wọ́n ń pè ní ṣàyótè, ó gé e sínú ọbẹ̀ adìyẹ, ó dín iná kù, ó sì jókòó tì í. Ó ń sọ ọ́ lọ́kàn pé kí abẹ́rẹ́ tí òun gún ṣiṣẹ́ ná. Bó bá ṣiṣẹ́, tí ibà bá lọ sílẹ̀, òun á wá rọra sọ fún un pé, àwọn èèyàn ẹ pè. Bí òun ṣe máa sọ ọ́ ló ń tò lẹ́sẹẹsẹ, tó ń yàn lára ọ̀rọ̀. Ọbẹ̀ hó. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi jókòó síbẹ̀.

"Màmá." Nereida ló pè láti inú yàrá, ohùn rẹ̀ kò sì dàbí ohùn rẹ̀. "Ikùn mi ń le. Ó ń le, ó ń dẹ̀."

Otilia gbé ọwọ́ lé ikùn náà. Ó le bí ojú tábìlì. Ọmọ oṣù méje. Ó kígbe pe ọkọ rẹ̀.

Ọkọ̀ akẹ́rù tí Don Evaristo fi ń kó ẹlẹ́dẹ̀ lọ sọ́jà ni wọ́n fi gbé e. Kò sí àyè láti fọ̀ ọ́ ná. Nereida jókòó láàárín àwọn méjèèjì, ó fi orí ti èjìká ìyá ọkọ rẹ̀, ooru ara rẹ̀ sì ń la ṣọ́ọ̀lù kọjá. Don Evaristo wakọ̀ bó ṣe máa ń wakọ̀, kò sáré, kò sì tẹ bíréèkì níbi tí kò yẹ. Otilia fẹ́ sọ fún un pé kó sáré, ṣùgbọ́n ẹni tó ti jókòó ti ọbẹ̀ fún wákàtí kan, ẹnu wo ló fẹ́ fi sọ ọ́?

Ubaldo ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù nígbà tí wọ́n dé. Bàbá rẹ̀ ti pè é. Wọ́n gbé Nereida wọlé lójú ẹsẹ̀. Kò sí àga onírin, kò sí dúró-síbẹ̀-ná. Bí wọ́n ṣe gbọ́ orúkọ rẹ̀ báyìí, nọ́ọ̀sì méjì sáré wá. Dókítà Barrientos, ọmọbìnrin kékeré tó wọ aṣọ funfun, jáde wá bá àwọn yòókù ní yàrá kan tó ní tábìlì àti fèrèsé kékeré. Ó tẹ́ bébà kan sórí tábìlì.

"Aago mẹ́wàá ààbọ̀ la pè yín," ó wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́. "Ó ní òun ń bọ̀ báyìí. Aago kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù."

Ubaldo ní, "Ta lẹ pè? Ìyàwó mi ní kò sí ẹni tó pe òun. Òun ló béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì nísinsìnyí pé ṣé èsì ti jáde."

Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn lókè. Don Evaristo bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún, ó sì ń wo inú rẹ̀. Ubaldo yíjú sí ìyá rẹ̀, ó sì ń wò ó títí ó fi yé e.

Dókítà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Ó fa ìwé kan jáde. "Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nísinsìnyí ni gbogbo oògùn tó ti lò látìgbà tó ti lóyún. Gbogbo ẹ̀. Ẹ má fi ohunkóhun pa mọ́ fún mi, mi ò ní í bá ẹnikẹ́ni jà. Ta ló lè sọ fún mi?"

Ọjọ́ ayé Otilia, kò sí dókítà tó bi í léèrè ohun tó mọ̀ rí. Ó la ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀. Kápúsù aláwọ̀ méjì, ọjọ́ mẹ́ta. Oníhóró funfun, mẹ́rin, ó pín in sí méjì-méjì nítorí oyún. Èyí tó rí róbótó tí ìyá Gilberto kó wá, ọjọ́ méjì. Omi aládùn pupa ti àwọn ọmọdé tó ṣẹ́kù ìdajì ìgò. Abẹ́rẹ́ àárọ̀ yìí. Ó mọ orúkọ gbogbo wọn, ó ń pè wọ́n bí ẹni ń pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, dókítà sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀, láìfo ọ̀kan.

"Abẹ́rẹ́ wo ni tàárọ̀ yìí?"

Otilia sọ ọ́.

Ọwọ́ dókítà dúró lórí ìwé. "Èyí tí wọ́n ń gún fún ẹran?"

"Ìyá àti ọmọ ló wà lára ìgò ẹ̀," Otilia wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò fi mọ̀ bóyá òun sọ ọ́ síta.

Dókítà yí bébà èsì náà sọ́dọ̀ wọn. Orúkọ oògùn mẹ́rìnlá ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, lẹ́tà kan sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Otilia kì í kàwé kíá, ṣùgbọ́n orúkọ wọ̀nyí kò ṣòro fún un. Agolo rẹ̀ ni ẹnì kan tò sórí bébà. R. R. R. R. Ó ń fi ìka tẹ̀ lé e lọ sísàlẹ̀. R.

"Kí ni R?" ó bèèrè.

"R ni pé oògùn yẹn kò lè mú kòkòrò náà mọ́, Màmá. Kòkòrò tó wà nínú ìtọ̀ rẹ̀ ti gòkè wọ inú kíndìnrín báyìí. Nínú ara kòkòrò yẹn, ohun kan wà tí à ń pè ní àbùdá. Ẹ kà á sí ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ sínú ara ẹ̀: bó ṣe máa já oògùn sí wẹ́wẹ́, bó ṣe máa pọ̀ ọ́ síta. Bí ẹ bá fún èèyàn ní oògùn díẹ̀, àwọn kòkòrò tí kò mọ nǹkan kan á kú. Àwọn tó mọ̀wé á kù. Àwọn tó kù yẹn á wá pọ̀ sí i, wọn á sì da ẹ̀kọ́ náà kọ fún ara wọn, títí kan àwọn tí kì í ṣe ìran wọn. Kì í ṣe ilé yín nìkan. Ẹ̀yin kọ́ ni mo kọ́kọ́ fi irú bébà yìí hàn lọ́sẹ̀ yìí."

"Ara ẹ̀ máa ń yá," Otilia wí. "Lọ́jọ́ kẹta, ara ẹ̀ á ti yá."

"Ara ẹ̀ yá lóòótọ́."

Don Evaristo ló sọ̀rọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti dé. "Ejò tí a kò bẹ́ lórí, a ò tíì pa á."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," dókítà wí. "Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn."

Oògùn méjì péré nínú mẹ́rìnlá ni kò ní R. Ọ̀kan lè ba kíndìnrín ọmọ inú oyún jẹ́. Èkejì, inú iṣan ni wọ́n ń fà á sí, ọjọ́ mẹ́rìnlá láìfo ọjọ́ kan, kò sì sí nínú ọsibítù náà. Àfi kí ẹnì kan lọ rà á wá láti ìlú ńlá Guadalajara. Ubaldo gba ìwé rẹ̀, ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Otilia na àpò owó rẹ̀ sí i, owó tí àwọn ọmọ fi ránṣẹ́.

"Ubaldo, mo fẹ́ sọ pé..."

"Ẹ má sọ nǹkan kan, Màmá." Ó gba owó náà. "Ẹ jọ̀ọ́. Lónìí, ẹ má sọ nǹkan kan."

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ ló padà dé.

Kí n má fi ọkàn yín sókè: Nereida kò kú. Ikùn náà dẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ibà kò sì lọ títí di ọjọ́ kẹrin. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣáájú àkókò ni wọ́n bí ọmọ náà, obìnrin, kò wúwo ju adìyẹ tí wọ́n ti fa ìyẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Láti ọsibítù ni Ubaldo ti gbé ìyàwó àti ọmọ lọ sí yàrá kan tó gbà nínú ìlú. Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n máa ń wá kí àwọn òbí. Otilia máa ń gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó máa ń gbé e dáadáa. Nereida á jókòó sítòsí, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, kì í sì í gbé ojú kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọmọ bá sín, Nereida á dìde, á na ọwọ́, Otilia á sì gbé e fún un.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, wọn kò tíì mọ èyíkéyìí nínú ìyẹn. Oògùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú iṣan, Ubaldo ní òun máa sùn lọ́sibítù, ó sì ní kí àwọn méjèèjì máa lọ sílé, torí pé ẹlẹ́dẹ̀ kò tíì jẹun láti ọ̀sán. Ìmọ́lẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tí wọ́n dé. Doña Cuca wà lẹ́nu géètì wọn, ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú.

"Báwo ni ìyàwó?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ọlọ́run á ṣe é. Doña Oti, eyín yìí ni. Láti ọ̀sán ló ti ń ta mí. Ẹ bá mi wá kápúsù méjì péré, tí mo bá ti sùn mọ́jú, ó parí."

"Kò sí."

"Kò sí báwo? Agolo yẹn kún lánàá."

"Lọ rí dókítà, Cuca."

Doña Cuca sọ ọwọ́ kalẹ̀ kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó wo Otilia látòkè délẹ̀, bí ẹni tó lọ pọn omi níbi tó ti ń pọn ọ́n láti ogún ọdún, tí kànga sì wá sọ pé òun kò ní omi. "Kò burú," ó wí. "Bó bá ti wá di ti ẹbí nìkan báyìí, kò burú. Ẹni bá ní ló ń fúnni." Ó yí padà. Otilia rí i bó ṣe gba ìsàlẹ̀ òpópónà lọ, kò sì ya ilé rẹ̀. Iná ṣì ń tàn ní ilé ìtajà Don Eleuterio.

Otilia gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá ọkọ rẹ̀. Kì í fi bẹ́ẹ̀ wá síbẹ̀. Òórùn ibẹ̀ kò bá a lára mu. Don Evaristo ti da ọkà sínú garawa. Ó ṣí àpò kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fi agolo kékeré bu ìyẹ̀fun funfun nínú rẹ̀, ó dà á sórí ọkà, ó sì ń fi igi rò ó pọ̀, ó fara balẹ̀, bí ẹni ń ro ẹ̀kọ.

"Kí nìyẹn?" Otilia bi í.

"Oògùn wọn, èyí tó ń pa kòkòrò."

"Èwo ló ń ṣàìsàn nínú wọn?"

"Kò sí."

Ó ń rò ó lọ. Otilia dúró, ó ń wo igi náà bó ṣe ń yí.

"Kí wá ni oògùn fún?"

"Kí wọ́n má baà ṣàìsàn," Don Evaristo wí. "Wọ́n sì máa ń tètè sanra. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Ojoojúmọ́?"

Don Evaristo gbé garawa, ó da oúnjẹ sínú ọpọ́n gígùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì sún sẹ́yìn. Ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́rìndínlógún ti orí bọ̀ ọ́, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń hùn, ara gbogbo wọn ń dán. Wọ́n jẹ ẹ́ títí wọ́n fi ń lá ìdí ọpọ́n. Nínú gbogbo ilé náà, àwọn nìkan ni kì í ṣẹ́ oògùn wọn kù.